Akẹ́kọ̀ọ́ Kẹsàn-án ní Kíláàsì C-11

Àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kejì ni mo ka ọ̀rọ̀ ẹnu ara mi nínú ìwé ẹlòmíràn, tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rí pé mi ò lè gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì láéláé. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Èdè Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ni mo ti fi ń jẹun láti ọdún mẹ́rìnlá.

Nurcihan ni orúkọ mi. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ ti yunifásítì kan ní Eskişehir níbí. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe ẹnjiníà tàbí ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ọ̀dọ̀ wa ló ti máa kọ́kọ́ lo ọdún kan gbáko, torí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni ní àwọn ẹ̀ka wọ̀nyẹn. Bí kò bá yege lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ka rẹ̀ ò gbà á. "Ọdún ẹnu ọ̀nà" ni àwọn ọmọ ń pè é: wọ́n ti dé ilé, wọn ò tíì wọlé.

A ní òfin kan tí a ń pè ní òfin oṣù Kejì. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá pé ogójì ní ìdajì ọdún, a máa yọ orúkọ rẹ̀, a ò ní jẹ́ kó dúró de ìdánwò oṣù Kẹfà. Kó lọ wá ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fi èdè Tọ́kì kọ́ni ní ìlú mìíràn, tàbí kó gba ilé rẹ̀ lọ. Èmi ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tèmi. Màá pè wọ́n jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, màá bu tíì fún wọn, màá wá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ìwádìí ti fi hàn pé ẹni tó bá ṣubú báyìí kì í lè bá àwọn tó kù mọ́." Ọdún mẹ́rìnlá ni ẹnu mi fi ń sọ gbólóhùn yẹn.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ọmọ kan tó ń jẹ́ Zöhre wà ní kíláàsì mi. Láti Kars ló ti wá, ó fẹ́ máa tún ẹ́ńjìnnì bàálù ṣe. Mẹ́tàdínlógójì ló gbà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ tó ṣáájú Sátidé yẹn, ó dúró tì mí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì.

"Hocam," ó ní, bí gbogbo wọn ṣe ń pè wá, olùkọ́ mi, "máàkì mẹ́ta péré. Ṣé ẹ ò lè wá mẹ́ta fún mi níbì kan ni?"

"Zöhre, kì í ṣe èmi ni mo ni òfin."

"Ta ló ni ín?"

Mo mọ ẹni tó ni ín dáadáa. Vecihi Hoca ni, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹni tí ìwádìí rẹ̀ bí òfin náà ní ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn. Òun náà ló tún ń bójú tó iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi. Nígbà tí bàbá mi kú ní abúlé wa nítòsí Emirdağ, yìnyín ti dí ọ̀nà. Ọkùnrin yìí sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní títì, ó fẹsẹ̀ rìn wọ abúlé, ó sì fi èjìká rẹ̀ sábẹ́ pósí bí ọmọ bíbí inú bàbá mi. Bí wọ́n bá ní kí n dárúkọ ẹni méjì tó sọ mí di èèyàn, màá dárúkọ ìyá mi, màá sì dárúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ oyè mi rọrùn láti sọ, ó le láti ṣe. Mo ní láti kó gbogbo ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí ọdún ìmúrasílẹ̀ ní ilẹ̀ wa láti ogún ọdún wá, kí n wo ohun tí àwọn olùwádìí ń béèrè, ohun tí wọ́n rí, àti ibi tí wọ́n jọ kọjú sí. Mo ti ka igba ìwádìí ó lé mẹ́rìnlá. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta nínú wọn dá lórí ìbẹ̀rù tó ń mú ọmọ tí wọ́n bá ní kó sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń wádìí ọ̀rọ̀ tuntun tí ọmọ lè há sórí lọ́sẹ̀ kan. Àwọn kan ń wádìí ara wọn, olùkọ́ ń bi olùkọ́ bóyá iṣẹ́ ti sú u. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn ọmọ tó ń ṣubú, gbogbo wọn máa ń tọ́ka sí ìwádìí kan ṣoṣo, ti Vecihi Hoca. Wọ́n ní ó fọ̀rọ̀ wá ẹni méjìlélógójì lẹ́nu wò, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó yege. Inú ìwé àtìgbàdégbà kan tó ti kógbá sílé ni iṣẹ́ náà ti jáde, kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa rẹ̀ ni gbogbo ayé ń sọ tẹ̀ lé wọn. Èmi náà ti tọ́ka sí i lẹ́ẹ̀mẹfà, mi ò fojú kàn án rí.

Ìtìjú ìyẹn ló mú mi kọ̀wé sí ilé ìkàwé kan ní Ankara pé kí wọ́n bá mi ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ló dé. Ní Sátidé, ọkọ mi Haldun ń yan búrẹ́dì, mo gbé tíì mi síwájú, mo ṣí i.

Ojú ewé kẹta ló ti sọ pé kíláàsì C-11 ló ti ṣe ìwádìí náà. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. C-11 ni kíláàsì tèmi nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Mo wo ọdún tó kọ síbẹ̀: ọdún tí mo wà níbẹ̀ gan-an ni. Ó ní yàrá náà wà lókè ibi tí wọ́n ti ń dáná tó ń mú ilé móoru. Bẹ́ẹ̀ ni, ooru ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sè wá jinná. Mo tún ṣí i sí iwájú, tayọ̀tayọ̀, bí ẹni tó rí fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀. Mo wá dé ojú ewé kọkànlá.

"Akẹ́kọ̀ọ́ kẹsàn-án, ọmọbìnrin láti abúlé kan nítòsí Emirdağ, sọ pé: 'Orí mi kì í ṣe orí tí èdè ń wọ̀. Bí wọ́n bu ú sí i báyìí, ó ti jò dànù kí n tó délé.' Akẹ́kọ̀ọ́ yìí, bí àwọn yòókù, kò yege, kò sì sí àmì pé ó lè yege láé."

Nínú gbogbo C-11, èmi nìkan ni mo wá láti agbègbè Emirdağ.

"Nurcihan," Haldun pè mí, ó di abọ́ búrẹ́dì mú, "kí ló dé? Ojú rẹ ti funfun bí ìyẹ̀fun."

Mò ń ka àwọn ọmọ kíláàsì wa lórí ìka. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́tàlélógún ni wá.

Mo pe Tuncer. Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí nígbà náà. Ó ti di ẹnjiníà báyìí, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe.

"Tuncer, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò rí ní C-11?"

"Ta ló fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò? Ọlọ́pàá àbí oníròyìn?"

"Vecihi Hoca. Fún ìwádìí."

"Lẹ́nu mi? Ẹnu tí mi ò rí lò nígbà yẹn! Ohun tí wọ́n máa ń bi mí ò ju 'kí ló dé tó o tún fi pẹ́' lọ."

"Ó kọ ọ́ pé ẹni méjìlélógójì ni wá."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Méjìlélógójì! Orí ara wa la jókòó sí ni? Ṣebí ẹnu ilẹ̀kùn ni Şermin ń gbé àga rẹ̀ sí torí kò sáyè."

"Ó ní ẹnì kankan ò yege nínú wa."

Ẹ̀rín náà dúró. "Kí lo sọ?"

Mo ka ti akẹ́kọ̀ọ́ kẹtàdínlógún fún un, ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì ní ìdájí, tí wọ́n ní ó sọ pé, "Mo ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé agbára mi ò ká a."

"Èmi nìkan ni mo ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Nurcihan, àná òde yìí ni mo fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn ará Kòríà jà lórí bíréèkì ọkọ̀ ojú irin fún wákàtí méjì. Èmi ni mo borí! Ta wá ni ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká a?"

Mi ò sùn dáadáa títí di ọjọ́ Ajé. Mò ń sọ fún ara mi pé bóyá C-11 méjì ló wà, bóyá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣi nọ́ńbà kọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Ẹ̀gbọ́n Satı, obìnrin tó ti ń tọ́jú ìwé orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ kọ ọ́. Àtẹ̀gùn méjìlá ló wà láàárín ọ́fíìsì wa àti tirẹ̀. Ó nu eruku kúrò lára ìwé ńlá kan, ó ń fi ìka tọ́ orúkọ lọ sísàlẹ̀.

"C-11. Ẹni mẹ́tàlélógún. Yege, yege, yege. Eléyìí yege ní oṣù Kẹsàn-án. Yege. Ìwọ rèé, mọ́kànlélọ́gọ́rin! O gbìyànjú o. Yege. Eléyìí lọ fẹ́ ọkọ. Yege." Ó gbójú sókè. "Mọ́kànlélógún ló yege. Àwọn méjì lọ fúnra wọn. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, ǹjẹ́ olùwádìí kankan wá wo ìwé yìí rí?"

"Olùwádìí wo? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n mo ti wà níbí. Gbogbo yín ń wádìí, ẹ ń gboyè, ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún ara yín. Kò sí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ wá bi mí pé ta ló yege, ta ni kò yege. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́. Jókòó, ojú rẹ ò dáa."

Mo jókòó. Mo ní kó bá mi ka iye àwọn tí òfin oṣù Kejì ti yọ láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó gba gbogbo ọ̀sán. Ó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo kan ilẹ̀kùn Vecihi Hoca. Ó bu tíì fún mi láti inú ìkòkò tirẹ̀, kò pe ìránṣẹ́, bó ṣe máa ń ṣe. Mo gbé ẹ̀dà ìwé náà sórí tábìlì.

"Áà, arúgbó yìí!" ó ní, inú rẹ̀ dùn. "Níbo lo ti rí i?"

"Ankara ni wọ́n ti fi ránṣẹ́, hocam. Ta ni akẹ́kọ̀ọ́ kẹsàn-án?"

"Ó ti pẹ́, ọmọ mi. A sì máa ń fi orúkọ wọn pamọ́, o mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ Emirdağ ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro tíì rẹ̀. Kò sí ṣúgà nínú rẹ̀.

"Hocam, ẹni mẹ́tàlélógún la wà ní C-11. Mọ́kànlélógún yege. Ìwé Ẹ̀gbọ́n Satı rèé."

Kò wò ó. Ó ní, "Omi kún yàrá abẹ́ ilẹ̀ wa lọ́dún yẹn. Gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló bàjẹ́. Ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ sì ti pé. Mo kọ ohun tí mo rántí."

"Ẹ rántí èèyàn mọ́kàndínlógún tí kò sí?"

"Nurcihan."

"Ọ̀rọ̀ orí tó ń jò yẹn, èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ ò fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Mò ń sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ wá jókòó tì mí."

Bó ṣe rí nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ ti padà sí mi lọ́kàn lálẹ́ Sátidé. Mo ti gba máàkì méjìdínlógójì nínú ìdánwò ìdajì ọdún, mo ti di ẹrù mi pé mo ń lọ. Ó rí mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ dáadáa, ó sì mú ìwé atúmọ̀ èdè kan jáde nínú báàgì fún mi. Ó ní, "Má sunkún. Orí rẹ pé. Máa bu ú sí i, ọjọ́ kan á kún." Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò fi lọ. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi di olùkọ́.

"Lọ́jọ́ yẹn ẹ sọ fún mi pé màá ṣe é," mo ní. "Ẹ wá délé, ẹ kọ ọ́ fún gbogbo ayé pé mi ò lè ṣe é. Èwo lẹ gbà gbọ́ nínú méjèèjì?"

"Èyí tí mo sọ fún ẹ ni mo gbà gbọ́."

"Èyí tí ẹ kọ ńkọ́?"

"Èyí tí mo kọ, òun ni wọ́n ń fẹ́. Gbogbo ìwádìí tó ń jáde nígbà yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n kọjú sí: ẹni tó lè ṣe é àti ẹni tí kò lè ṣe é. Ẹni tó bá kọ nǹkan mìíràn, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ jáde. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa sọ ọ́ di òfin."

"Ẹ̀yin lẹ buwọ́ lu òfin náà, hocam."

"Mo buwọ́ lù ú." Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Ìwé oyè rẹ náà dúró lórí rẹ̀, ṣé o mọ̀? Tí o bá yọ òkúta yẹn, ilé tìrẹ ló máa kọ́kọ́ wó."

Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ó fi ń dẹ́rù bà mí ni, àbí ó ń káàánú mi. Mo dìde, mi ò mu tíì náà.

Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé gbogbo olùkọ́. Nǹkan kẹrin tí a ó sọ̀rọ̀ lé lórí ni orúkọ àwọn ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tí a ó yọ, kí Vecihi Hoca lè buwọ́ lù ú lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó kàn án, mo dìde. Mo ka ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kẹsàn-án sókè, láti orí "orí mi kì í ṣe orí tí èdè ń wọ̀" títí dé "kò sì sí àmì pé ó lè yege láé."

Belgin, igbákejì ọ̀gá, ti ń wo aago. "Nurcihan, gbogbo wa la mọ ìwádìí yẹn. Ta là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an?"

"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ kẹsàn-án."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó rò pé àwàdà ni. Mo ní kí ẹ̀dà ìwé Ẹ̀gbọ́n Satı máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Mo ń gbọ́ bí bébà ṣe ń dún láti ìlà kan sí èkejì, bí ẹ̀rín náà sì ṣe ń kú. Olùkọ́ àgbà kan dì í mú títí, kò gbé e fún ẹni tó kàn.

"Ẹ sọ nǹkan, hocam," Belgin yíjú sí Vecihi Hoca. "Ẹ sọ fún un pé ó ṣì í kà."

Vecihi Hoca bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi táì nù ún.

"Kò ṣì í kà," ó ní. "Òótọ́ ló sọ."

Ó dìde, ó jáde. Ó fi kóòtù rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga. A rí i láti ojú fèrèsé bó ṣe ń la yìnyín kọjá lọ sí ìdí ọkọ̀ ojú irin ìgboro, láìdé fìlà, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó sáré tẹ̀ lé e. Ojú tì mí pé èmi náà ò sáré. Ojú sì tì mí pé ó ń ṣe mí bíi kí n sáré.

Belgin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. "Mo tọ́ka sí i nínú ìwé oyè tèmi," ó ní. "Ojú ewé méjì ni mo fi yìn ín." Lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ ń nà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà. Èmi náà. Ó ju ìdajì yàrá lọ.

Wọn ò buwọ́ lu orúkọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta náà. Yunifásítì gbé ìgbìmọ̀ dìde, wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n bi mí ní ìbéèrè bí ẹni tó jalè. Vecihi Hoca fẹ̀yìn tì nínú oṣù Kẹrin, kó tó pé àkókò. Wọ́n kéde pé kí ẹnikẹ́ni má tọ́ka sí ìwádìí náà mọ́. Àwọn olùkọ́ kan ò kí mi mọ́, wọ́n ní mo ba baba wa jẹ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ilé tèmi náà wó, bó ṣe wí: nínú igba ìwádìí ó lé mẹ́rìnlá tí mo kà, ó lé ní ọgọ́rin tó ti gbára lé tirẹ̀, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oyè lákọ̀tun lábẹ́ ẹlòmíràn.

Nínú àwọn ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta náà, mẹ́tàlélógójì ló yege nígbà tí oṣù Kẹsàn-án fi parí. Mọ́kànlélógún ò yege. Zöhre wà lára wọn. Méjìdínlọ́gọ́ta ló gbà, ọgọ́ta sì ni wọ́n fẹ́. Mo sunkún níwájú rẹ̀, òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

"Hocam, ó yàtọ̀," ó ní. "Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ ní mi ò lè ṣe é. Ní báyìí èmi ni mi ò ṣe é. Mo ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ láti ìta, màá tún ìdánwò ṣe."

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nísinsìnyí ni pé mò ń pe àwọn tí òfin oṣù Kejì yọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti inú ìwé Ẹ̀gbọ́n Satı. Mo ti bá mẹ́tàdínlógójì sọ̀rọ̀. Àwọn kan bínú. Ọ̀kan ní Antalya ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì darí àwọn àlejò láti ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀kan bi mí pé, "Ẹ̀yin lẹ fún mi ní tíì lọ́jọ́ yẹn, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Ó pa fóònù.

Ní oṣù Kẹwàá, mo pàdé Vecihi Hoca ní ọjà ọjọ́ Àìkú, ó ń ṣa tòmátì. Ó ti rù. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti tẹríba láti fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, bí mo ṣe ti ń ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún. Òun ló fa ọwọ́ náà sẹ́yìn.

"Mo gbọ́ pé ò ń pè wọ́n," ó ní. "Ẹni mélòó lo ti rí?"

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, hocam."

"Tí o bá ti bi gbogbo wọn tán, wá bi èmi náà. Kọ ohun tí mo bá sọ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́."

Ó gbé àpò tòmátì rẹ̀, ó lọ. Títí dòní mi ò tíì lọ bi í.